Àpótí tí Kì í Dáhùn Ìkíni

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń lọ láràárọ̀ ní àwọn gáà Fúlàní tó yí Ìlọrin ká, Oyèkúnlé ni kí ó bi. Kò dé ibẹ̀ rí o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Orí àga kan náà ló ń jókòó sí ní ọ́fíìsì wọn lójú ọ̀nà Táíwò, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táìlì, fóònù ló sì fi mọ gbogbo rẹ̀. Iléeṣẹ́ wàrà ló ń bá ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń sin màlúù á fún wàrà láàárọ̀, wọ́n á gbé e wá sí ibùdó, wọ́n á dà á sínú àgbá irin ńlá kan tó ń fi oòrùn ṣe iná, tó ń mú wàrà tutù kí ó má baà bàjẹ́. Ibùdó mẹ́fà ni wọ́n ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní olùtọ́jú tirẹ̀. Iṣẹ́ Oyè ni láti pè wọ́n ní kùtùkùtù, kí ó bi wọ́n bí wàrà ṣe pọ̀ tó àti bó ṣe tutù tó, kí Ìdòwú, awakọ̀ wọn, lè mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ darí sí.

Ìbéèrè méjì péré. Ṣùgbọ́n ta ló tó bẹ́ẹ̀, tí yóò gbé fóònù láàárọ̀, tí yóò ní "Wàrà ńkọ́?" kí ó tó bèèrè ara, kí ó tó bèèrè ọmọ, kí ó tó bèèrè bí èèyàn ṣe sùn? Wọ́n á ní ẹni náà kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ wàrà kì í gùn, ìkíni ló ń gùn. Èyí tó sì gùn jù ni ti Asabe, opó kan tó ń tọ́jú ibùdó Gáà Eléwé. Kìrìsìtẹ́nì ni Oyè, ọmọ Ìkìrun, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pẹ́ ní Ìlọrin, ẹnu rẹ̀ á mọ ìdáhùn sálámà.

"Sàláámù àlékúmù, Oyè."

"Wàálékúmú sàláámù, Màmá. Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ jí dáadáa?"

"Àlùhámídúlílà. O ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà."

"Irọ́ ni. Ohùn rẹ gbẹ. Ìyàwó ńkọ́? O ti rí i?"

"Mò ń wá a, mà."

"Níbo lo ti ń wá a? Inú kọ̀ǹpútà?"

Oyè á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́rín tó máa ń rín lójúmọ́ nìyẹn, nígbà mìíràn òun náà ni àkẹ́yìn. Ó ti lé ní ogójì ọdún dáadáa, kò gbéyàwó, àwọn tó ń dà á láàmú nítorí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì ti dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: nígbà tí ẹbí bá ń yọ èèyàn lẹ́nu, inú èèyàn kì í dùn, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ ló máa mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ní Tanke tó ń gbé, ọmọ yunifásítì ló kún inú ilé. Ojú á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ ojú, wọ́n á ti ṣèdánwò tán, wọ́n á kẹ́rù lọ, àwọn mìíràn á wọlé tí wọn ò mọ̀ ju "Good morning, sir" lọ. Ìyá rẹ̀ nìkan ló máa ń pè é láràárọ̀ láti Ìkìrun. Nígbà tí ìyá yẹn kú, ó di pé aago ló kàn ń wò lójú fóònù rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ iṣẹ́ wàrà. Ohùn àwọn èèyàn mẹ́fà yìí, pàápàá ti Asabe, ló fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ àti pé òun wà nínú àwọn tó jí.

Ohun tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn o, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi já a.

Hàjíà Azeezah, ọ̀gá wọn, ló mú ọ̀rọ̀ náà wá. Àbúrò ló jẹ́ sí Oyè dáadáa, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Oyè, ẹ wò ó. Kí ẹ tó kí ẹnì kẹfà tán, wàrà ẹni àkọ́kọ́ ti ń bàjẹ́. Àwọn kan ń bọ̀ wá fi àpótí kékeré sára àgbá kọ̀ọ̀kan. Àpótí yẹn fúnra rẹ̀ ni yóò máa wọn wàrà, yóò sì máa fi ránṣẹ́ síbí. Mo fẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kan tí yóò kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan, kí n lè máa wò ó lára ògiri. Ṣé ẹ lè ṣe é, àbí ká pe àwọn ará Èkó?"

Ta ni yóò gbọ́ "ará Èkó" tí yóò ní òun ò lè ṣe é? Oyè ní òun lè ṣe é. Ká tún sọ òótọ́, inú rẹ̀ dùn sí i. Ó pẹ́ tí wọ́n ti gbé iṣẹ́ ọpọlọ fún un.

Sáfà wọn wà ní kọ̀rọ̀ ọ́fíìsì, kọ̀ǹpútà dúdú kan tí kì í sùn, tí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù máa ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ètò kan tí wọ́n ń pè ní Linux ló ń darí rẹ̀, kò sì sí àwòrán tàbí ohun títẹ̀ kankan lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ lásán lèèyàn fi ń pàṣẹ fún un. O kọ ọ́ dáadáa, ó ṣe é láìfọhùn. O ṣi lẹ́tà kan kọ, ó ní òun ò mọ ohun tí ò ń wí. Oyè fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Grafana lorúkọ ètò tó fẹ́ gbé sínú rẹ̀, òun ni yóò máa ya iye wàrà sí ìlà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó wọlé tán, ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ó pàṣẹ fún un kí ó máa ṣiṣẹ́, ó sì tún pàṣẹ pé ìgbàkígbà tí wọ́n bá mú iná lọ tí iná tún dé, kí ó dìde fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jí i.

Ó wá ní kí òun ṣí i wò lórí kọ̀ǹpútà òun. Kò ṣí. Ó tún un ṣe, kò ṣí. Ó gbà pé òun ti bà á jẹ́, àṣé ètò tó ń ṣe ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sáfà ni kò tíì gbà kí ẹnikẹ́ni gba ilẹ̀kùn tó ní nọ́ńbà ẹgbẹ̀ẹ́dógún wọlé, ilẹ̀kùn yẹn sì ni Grafana ń lò. Ó sọ fún ẹ̀ṣọ́, ilẹ̀kùn ṣí. Wọ́n ní kí ó yan ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun, ó fi Àríkẹ́ sí i, oríkì ìyá rẹ̀, ó fi nọ́ńbà díẹ̀ tì í lẹ́yìn. Ó darí rẹ̀ sí ibi tí ìròyìn àwọn àpótí ń wọlé sí. Ó wá ya ìlà mẹ́fà, ó fi àwọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹlòmíràn ì bá kọ orúkọ gáà sí wọn lára, orúkọ èèyàn ni Oyè kọ sí tirẹ̀: Asabe, Àkànbí, Màríámù, gbogbo àwọn olùtọ́jú. Ó sì ṣètò pé bí ìlà ẹnikẹ́ni bá já, kí sáfà fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù òun.

Bí dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ ṣe ń sọ fún awakọ̀ bí epo ṣe kù sí, bẹ́ẹ̀ ni èyí ń sọ ti wàrà. Hàjíà Azeezah pàtẹ́wọ́.

Ó wá ku kí ó sọ fún àwọn olùtọ́jú. Ó pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti Asabe ló fi kẹ́yìn.

"Màmá, láti ọ̀la lọ, n kò ní máa pè yín láràárọ̀ mọ́. Àpótí tí wọ́n gbé wá yẹn ni yóò máa bá mi sọ̀rọ̀. Inú rẹ̀ ni n ó ti máa rí yín láràárọ̀."

"Inú àpótí yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Láti Ìlọrin lọ́hùn-ún?"

"Láti Ìlọrin níbí."

"Agbára Ọlọ́hun," ni Asabe wí. "Ó dáa. A ó máa ríra níbẹ̀ nìyẹn."

Oyè ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ lásán ló ń sọ, bí àwa tó ń lo kọ̀ǹpútà ṣe ń sọ ọ́, kò sì mọ̀ pé ẹni tó gbọ́ ọ ti gbé e lọ sílé.

Láti ọjọ́ kejì ni ọ́fíìsì ti parọ́rọ́. Oyè á dé, á tan kọ̀ǹpútà, ìlà mẹ́fà á ti wà níbẹ̀. Wàrà pọ̀, ìlà gòkè. Ọkọ̀ gbé e, ìlà sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ohun tó kù fún un láti bèèrè. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ní ìsinmi ni. Nígbà tó yá, ó rí i pé òun ti ń pẹ́ nídìí tíì, òun sì ti ń bá ọmọ tó ń ta búrẹ́dì nísàlẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ tí kò nídìí. Àwọn ọmọ yunifásítì lọ fún ìsinmi, Tanke dá wáí. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó mọ̀ pé òun ò tíì gbọ́ ohùn ara òun láti àárọ̀. Ẹ̀rù bà á. Ó wúkọ́, kó kàn lè gbọ́ nǹkan.

Ìdòwú ló sọ fún un pé ìyàwó Àkànbí ti bímọ.

"Ìgbà wo?"

"Ẹ̀ẹ̀n, Ọ̀gá Oyè, wọ́n mà ti kó o jáde. Kàbírù ni wọ́n sọ ọ́. Ṣé wọn ò sọ fún yín ni?"

Oyè wo ìlà Àkànbí lára ògiri. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ wà lára ìlà yẹn níbì kan o, ó tẹ́ rẹrẹ bíi ti ọjọ́ yòókù. Gbogbo oṣù tí ìyàwó yẹn fi lóyún, Oyè ló ń bèèrè rẹ̀ láràárọ̀. Ó dùn ún, ó dùn ún dénú.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìlà Asabe já. Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù Oyè láàárọ̀: Asabe kò sí. Bí sáfà ṣe kọ ọ́ nìyẹn, nítorí bí Oyè ṣe ṣètò orúkọ náà ni. Ó pè é. Fóònù dún títí, wọn ò gbé e. Ó tún pè, wọn ò gbé e. Ó yẹ sáfà wò, kò sí ohun tó ṣe é. Ó bi Ìdòwú nígbà tó padà dé.

"Mo gba wàrà lọ́wọ́ wọn lónìí, wàrà tutù dáadáa. Ara wọn le kokooko."

"Fóònù wọn ńkọ́? Ṣé ó bàjẹ́ ni?"

Ìdòwú fọwọ́ ha orí. "Ọ̀gá Oyè, ẹ má bínú. Wọ́n ní kí n má dárúkọ yín létí wọn."

Oyè kò mọ ibi tí yóò fi ọ̀rọ̀ yẹn sí. Gbogbo alẹ́ ló fi ń ro ohun tó ṣe. Ẹnìkan ṣoṣo tó kù tó mọ̀ pé ohùn òun gbẹ, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ òun mọ́. Hàjíà Azeezah kò mọ èyíkéyìí nínú èyí. Ohun tó mọ̀ ni pé àwọn àlejò ń bọ̀ láti Àbújá wá wo dáṣíbọ́ọ̀dù náà, ìlà kan sì ti já.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá Ìdòwú lọ. Ẹ lọ wo ohun tó ṣe àpótí yẹn."

Wọ́n gba ọjà Ìpàtà kọjá, níbi tí àwọn lọ́rí oníṣu ti dí ojú ọ̀nà mọ́ àwọn kẹ̀kẹ́, wọ́n já sí ọ̀nà eruku. Ìdòwú ń sọ̀rọ̀, Oyè ń dáhùn "ẹ̀n-ẹ̀n". Ó ti ń ya Asabe lọ́kàn láti ọjọ́ yìí wá: obìnrin sígbọnlẹ̀, nítorí ohùn rẹ̀ ń dún. Ẹni tó bá níwájú ibùdó jẹ́ obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan, kò ga, ó tẹ̀ síwájú, ó ń fi omi gbígbóná fọ agolo wàrà.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá," ni Oyè wí.

Ọwọ́ obìnrin náà dúró nínú omi. Kò gbójú sókè. "Ìdòwú," ló wí, "sọ fún àlejò rẹ pé mi ò sí nílé."

Ìdòwú fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú Oyè, ó gbé ẹ̀rín mì. Oyè dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, tòun ti ṣòkòtò ọ́fíìsì.

"Màmá, kí ni mo ṣe?"

"Dìde. Àṣé o lẹ́nu. Kí ló dé tí o kì í fi dáhùn?"

"Dáhùn kí ni, mà?"

Asabe wá gbójú sókè. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Bí mo bá kírun àsùbáà tán, màá gbé àpótí ìjókòó mi síwájú àpótí rẹ yẹn. Màá kí ọ. Màá ní, Oyè, ṣé o jí? Ṣé o ti jẹun? Ó ń ṣẹ́jú iná sí mi, mo ní ó ń gbọ́ mi. Kò dáhùn. Mo ní bóyá ọ̀gá rẹ wà nítòsí. Ọjọ́ kejì, kò dáhùn. Ara mi ò yá, mo sọ fún ọ. Abo màlúù mi, èyí tí ọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi, ó kú, mo sunkún níwájú rẹ. Oyè, níwájú rẹ! O ò ní 'ẹ pẹ̀lẹ́'. Ni mo bá yọ okùn rẹ̀. Ẹni tí kò lè dáhùn kíkí mi, kò gbọdọ̀ máa wo ojú mi láràárọ̀."

"Mo pè yín, mà. Ẹ ò gbé e."

"Ìgbà tí o ò rí wàrà rẹ mọ́ lo pè. Ṣé èmi lo pè?"

Oyè dìde, ó lọ síbi àpótí náà. Okùn rẹ̀ wà nílẹ̀, wọ́n ká a dáadáa bí ẹni tí kò fẹ́ kó bàjẹ́.

"Màmá, àpótí yìí kò gbọ́rọ̀. Èmi ni mi ò là á yé yín."

"Kò gbọ́rọ̀. Ṣé kò ríran náà?"

"Kò ríran, mà."

"O ní o ó máa rí mi níbẹ̀."

"Wàrà ló ń wọ̀n, mà. Bó ṣe pọ̀ tó, bó ṣe tutù tó."

"Wàrà nìkan?"

"Wàrà nìkan ni, Màmá."

Asabe nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó ń nù ún ṣáá. "Gbogbo ohun tí mo sọ yẹn," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ."

Ibẹ̀ ni Oyè kò ti lè mú un mọ́ra mọ́. Kì í ṣe ẹni tó ń sọ tinú rẹ̀ síta, àmọ́ ó sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Màmá, èmi náà kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ mọ́. Láràárọ̀ ni mo ń jókòó síwájú ìlà tí wọ́n kọ orúkọ yín sí. Kò bi mí bóyá mo ti jẹun."

"Kí ló dé tí o ò pè mí, nígbà náà?"

"Wọ́n ní kò sídìí rẹ̀ mọ́."

"Àwọn ta ni?"

Ó ronú sí i. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Hàjíà Azeezah kò sọ pé kó má pè. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ ti màlúù yín, mà," ló wí.

"Ẹ̀ẹ̀n," ni Asabe wí. "O ṣé." Ó bu wàrà fún un nínú igbá, ó sì dúró lé e lórí títí ó fi mu ún tán. Lẹ́yìn náà ló mú okùn àpótí, ó kì í bọ ihò rẹ̀, iná kékeré náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú.

"Gbọ́ o, Oyè. Bí mo bá jí láàárọ̀, màá yọ ọ́. Bí mo bá gbóhùn rẹ tán, màá kì í padà. Bí ìwọ ò bá kí mi, òun náà ò ní wọn wàrà mi."

Nígbà tí Oyè padà dé Ìlọrin, ó ní òun á tún pe àwọn yòókù náà. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àkànbí.

"Ọ̀gá Oyè! Kí ló bàjẹ́?"

"Kò sí ohun tó bàjẹ́. Mo ní kí n kí ọ kú ewu ọmọ ni. Ọlọ́run á dá Kàbírù sí."

"Àmín o. Ṣé àpótí ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́."

"Àlùhámídúlílà. Ó dáa nígbà náà." Àkànbí dúró, ó ń retí ohun tí Oyè fẹ́ gan-an. Nígbà tí kò sí ẹni tó rí ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n kíra wọn pé ó dàbọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ti Màríámù rí, bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn mẹ́ta yòókù. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n lára pé ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ ni ọ́fíìsì ń pè. Ìkíni tó bá ti gbẹ lẹ́nu, kì í fi ọjọ́ kan rọ̀ padà.

Àwọn àlejò Àbújá dé. Wọ́n dúró síwájú ògiri, wọ́n mi orí. Ọ̀kan nínú wọn nawọ́ sí ìlà Asabe.

"Ihò wo rèé? Mo rí i pé ó ń já láràárọ̀, lẹ́yìn náà ó tún ń bẹ̀rẹ̀."

Hàjíà Azeezah wo Oyè.

"Ìkíni ni," ni Oyè wí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni, wọ́n sì kọjá sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Hàjíà pè é sápá kan.

"Ẹ̀gbọ́n Oyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dí ihò yẹn."

"Ó dáa, mà."

Ó mọ ibi tí wọ́n ti ń dí i. Ohun kan wà nínú Grafana, bí o bá ti yàn án, yóò fa ìlà kọjá lórí ibi tó já, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan sọnù níbẹ̀ rí. Ó ṣí i. Ó gbé ọwọ́ lé e. Lẹ́yìn náà ó pa á dé bó ṣe bá a, kò yàn án.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dé ọ́fíìsì kí ẹlòmíràn tó dé. Ìlà Asabe ti já. Ó mú fóònù, ó fi owó ara rẹ̀ pè é.

"Sàláámù àlékúmù, Oyè."

"Wàálékúmú sàláámù, Màmá. Ẹ káàárọ̀."

"O ti jẹun?"

Ó fẹ́ ní òun ti jẹun. "Rárá, mà," ló wí.

"Mo mọ̀. Lọ jẹun. Mò ń kì í padà báyìí."

Oyè gbójú sí ògiri. Ìlà Asabe tún bẹ̀rẹ̀, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Àwọn ìlà márùn-ún yòókù ti wà níbẹ̀ láti òru, kò sí èyí tó já nínú wọn, kò sì sí èyí tó bi í ní nǹkan kan.